Lurcher tí wọ́n ń polówó kiri: irú ajá wo gan-an ni?

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni fídíò kan ti ń kiri láàárín àwọn ọmọ ọdẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ajá gíga kan, tí ikùn rẹ̀ lọ mọ́ ẹ̀yìn, ń lé ehoro lórí pápá gbalasa nílùú òyìnbó. Ehoro yà sọ́tùn-ún, ajá yà tẹ̀ lé e. Ehoro ṣẹ́rí padà, ajá ti wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú kan. Kò pẹ́ tí ìpolówó fi tẹ̀ lé fídíò náà: "Ojúlówó Lurcher! Bàbá Greyhound, ìyá Labrador. Ó ń sáré, ó ń gbóòórùn, ó ń gbé ẹran wá bá ọ̀gá rẹ̀. Ẹ tètè sanwó, mẹ́ta péré ló kù."

Oògùn ẹran ọ̀sìn ni mo ń tà, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ni ìbéèrè ń wọ́ sí. Ẹnì kan ní ṣé ẹ̀yà ajá tuntun ni. Ẹlòmíràn ti ra ọmọ ajá méjì láti inú ìyá kan náà, ó wá ń bi mí bóyá wọ́n ti rẹ́ òun jẹ, torí ọ̀kan ki pọ́pọ́, etí rẹ̀ wálẹ̀, èkejì sì tẹ́ẹ́rẹ́ lọ gbọọrọ. Bàbá ọdẹ kan tí mo mọ̀ ò tilẹ̀ béèrè nǹkan kan. Ó wo fídíò náà tán, ó ní, "Ajá tó ń sáré tó báyìí, ọmọ mi, ta ló fẹ́ bá a débi tó ń lọ?" Ọ̀rọ̀ bàbá yìí jinlẹ̀ ju bó ṣe dún létí lọ, a ó sì kàn án níwájú.

Ṣé ẹ̀yà ajá ni Lurcher?

Rárá. "Ojúlówó Lurcher" tí wọ́n ń kọ sí ìpolówó yẹn kò sí níbì kankan. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland ni wọ́n ti ń lo orúkọ náà, ọmọ tí ajá afojúṣọdẹ bá bí pẹ̀lú ajá oníṣẹ́ mìíràn ni wọ́n sì ń pè bẹ́ẹ̀. Ajá afojúṣọdẹ ni ajá tó ń fi ojú rí ẹran lókèèrè, tó sì ń fi eré bá a: Greyhound, Whippet, Saluki, Deerhound. Ajá oníṣẹ́ tó kù lè jẹ́ Collie tó ń da àgùntàn, ó lè jẹ́ Terrier tó ń wọ ihò lọ bá ẹran, ó sì lè jẹ́ ajá ìbọn, ìyẹn ajá tí wọ́n kọ́ láti bá ọdẹ oníbọn ṣiṣẹ́: Labrador, Pointer, Setter, Spaniel. Tó bá jẹ́ afojúṣọdẹ méjì ló gun ara wọn, ká ní Greyhound àti Saluki, Longdog ni wọ́n ń pe ọmọ wọn.

Láti 1873 ni Kennel Club ti wà ní Britain, tó ń kọ orúkọ ẹ̀yà ajá sílẹ̀ àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ rí. Lurcher ò sí lára àwọn ẹ̀yà tó wà nínú ìwé wọn, nítorí pé kò sí bí Lurcher ṣe gbọ́dọ̀ rí. Òmíràn ga dé ìtan àgbàlagbà, òmíràn ò kọjá orúnkún. Onírun ṣákaṣàka wà, onírun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà. Orúkọ náà ń sọ ẹni tó bí ajá àti iṣẹ́ tó ń ṣe, ó tán.

Ajá mẹ̀kúnnù ni láti ilẹ̀ wá. Àwọn tó ń yọ́ wọ ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ lóru láti pa ehoro, àti àwọn alárìnkiri tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ṣe ilé, ni ìtàn rẹ̀ so mọ́ jù. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni ajá tí kì í gbó lẹ́nu iṣẹ́, tó ń gbọ́ ìfé lẹ́ẹ̀kan, tó sì lè gbé ẹran ìkòkò wálé kí onílẹ̀ tó jí. Wọn ò wá ajá tí wọ́n máa fi ṣe fáàrí.

Kí ni ajá afojúṣọdẹ mọ̀ ọ́n ṣe?

Greyhound ni ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Akọ rẹ̀ máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 71 sí 76 ní èjìká. Àyà rẹ̀ jìn nítorí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tó tóbi, ìbàdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń ká, ó ń nà, débi pé nínú ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo lórí eré, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń kúrò nílẹ̀: ìgbà tí ara ká jọ, àti ìgbà tó nà tán. Ohun tó ń jẹ́ kó lè sún mọ́ 70 kìlómítà ní wákàtí kan nìyẹn. Ṣùgbọ́n eré àsápajúdé ni, kì í pẹ́ tí agbára fi ń tán, ara rẹ̀ á sì ti gbóná gan-an. Saluki ti ilẹ̀ Lárúbáwá ò yá tó o níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè máa lé ẹran lọ jìnnà. Whippet kéré sí i, àtiyí rẹ̀ sì yá.

Àléébù wà níbẹ̀. Awọ Greyhound fẹ́lẹ́. Ẹ fi ìka méjì fà á sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà, ẹ ó rí i pé ọ̀rá ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gún tí ajá ìbílẹ̀ wa á fara gbá kọjá lè ya awọ yẹn dé ibi tí wọ́n á ti rán an. Ohun tó tún ṣòro ni pé gbàrà tí ojú rẹ̀ bá ti lẹ̀ mọ́ ẹran, etí rẹ̀ ti di. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ irú ajá yìí ló sìn. Bí ẹran bá sì ti wọ koríko tí kò rí i mọ́, á dúró, á gbé orí sókè, á máa wo ọ̀tún wo òsì. Kì í ṣe pé kò nímú, kì í kàn ṣe ìmú ló máa ń kọ́kọ́ lò.

Ajá ìbọn ńkọ́?

Ọdẹ ìbọn ní ilẹ̀ Yúróòpù ló sọ àwọn wọ̀nyí di bí wọ́n ṣe rí lónìí, wọ́n sì pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. Pointer àti Setter ń wá ẹyẹ. Pointer á máa sá kiri níwájú ọdẹ, á kọ ìmú sí afẹ́fẹ́. Bí òórùn àparò bá kàn án, á dúró gbagidi, ẹsẹ̀ iwájú kan á ká sókè, ìrù á nà gbọnrangandan, kò ní mira títí ọdẹ á fi dé. Spaniel ni ti abẹ́ igbó: ó ń wọ inú ẹ̀gún láti lé ẹyẹ tàbí ehoro jáde sójú ìbọn. Iṣẹ́ Labrador àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Retriever bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ìbọn bá ti dún. Wọ́n á jókòó ti ọ̀gá wọn, wọ́n á máa wo ibi tí ẹyẹ já bọ́ sí, ìgbà tí a bá rán wọn ni wọ́n tó ń lọ gbé e wá, ẹnu wọn á sì rọ̀ débi pé eyín kì í wọ ara ẹran náà.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí àwọn tó ń polówó kì í sọ. Ẹ̀kọ́ tó le jù fún ajá ìbọn ni kó má sáré. Ẹyẹ fò, kó jókòó. Ìbọn dún, kó jókòó. Ehoro ta pọ́ún kọjá níwájú rẹ̀, kó jókòó. Ìdí ni pé ajá tó bá sá tẹ̀ lé ẹran ti bọ́ sí àárín ẹran àti ìbọn. Láti ìran dé ìran ni àwọn òyìnbó ti ń ṣa àwọn tó gbà láti dúró, tí wọ́n ń fi wọ́n bí ọmọ. Lọ́dọ̀ àwọn olówó afojúṣọdẹ ẹ̀wẹ̀, ajá tó bá dúró ń wòran nígbà tí ẹran ń lọ, ta ni yóò fi í bí ọmọ? Nítorí náà, bí wọ́n bá ní "bàbá Greyhound, ìyá Labrador", ẹni tí wọ́n bí láti sáré àti ẹni tí wọ́n bí láti dúró ni wọ́n so pọ̀ yẹn.

Kí ni wọ́n wá rí nínú síso wọ́n pọ̀?

Ìmú ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Ní Britain, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ Lurcher ni ehoro ihò, ìyẹn ehoro kékeré tó ń gbẹ́ ihò gbé, tó yàtọ̀ sí ehoro pápá tó ń sùn ní gbangba bíi ti igbó wa. Ọdẹ á ki ẹranko kékeré kan tó ń jẹ́ ferret bọ inú ihò kó lé ehoro jáde, ajá á sì dúró dè é lẹ́nu ihò. Ihò lè pọ̀ lójú kan kí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ṣófo. Ajá tó nímú á máa lọ láti ihò dé ihò, á fi imú kàn án, á kọjá; ibi tí ehoro bá wà ló máa dúró sí.

Lálẹ́, iṣẹ́ mìíràn tún wà. Ọdẹ á tan tọ́ọ̀ṣì sí ehoro ihò tó jáde wá sí pápá, ajá á sá gba inú ìmọ́lẹ̀ náà lọ, á mú un, á sì gbé e padà wá nínú òkùnkùn, láàyè, sí ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀. Greyhound náà lè mú un dáadáa. Àmọ́ lẹ́yìn náà, ọ̀gá lè máa fi tọ́ọ̀ṣì wá ajá àti ehoro kiri. Gbígbé ẹran wá yìí gan-an ni wọ́n ń wá lára Labrador, pẹ̀lú ìgbọ́ràn rẹ̀, àti ara tó le díẹ̀ sí i.

Eré ni wọ́n fi ń san án. Akọ Labrador ò ju sẹ̀ǹtímítà 56 sí 57 lọ, ó sì ki, ó wúwo. Ọmọ òun àti Greyhound sábà máa ń bọ́ sí àárín méjèèjì: kò lè bá Greyhound dọ́gba lórí pápá, bí ẹran bá sì ṣẹ́rí lójijì, ìwúwo á gbé e kọjá kó tó lè yí. Fún ehoro pápá, kò tó. Fún ehoro ihò, fún abẹ́ igbó, fún ọdẹ tó fẹ́ ajá kan ṣoṣo tó mọ díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀, ó tó. Síbẹ̀, Collie ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fẹ́ so pọ̀ mọ́ Greyhound, nítorí làákàyè àti àìtètèrẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó fara mọ́ ajá ìbọn pàápàá ò fohùn ṣọ̀kan: àwọn kan ní Labrador ti wúwo jù, pé Pointer ló yẹ, torí òun náà mọ eré sá, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Ní Norway, ọmọ Greyhound àti Pointer onírun kúkúrú ti Jámánì, tí wọ́n ń pè ní Greyster, ń fa eléré ìdárayá lórí yìnyín, láìsí ẹran kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó ń fẹ́ kékeré á so Spaniel mọ́ Whippet.

Ibí ni ọ̀rọ̀ bàbá ọdẹ wọlé sí. Níbi tí Lurcher ti wá, ajá fúnra rẹ̀ ni ohun ìjà. Ọdẹ ò yìnbọn, ajá ló ń mú ẹran. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ọdẹ wa gbé ṣakabùlà lọ́wọ́, ajá rẹ̀ ń fín kiri nínú koríko pẹ̀lú ṣaworo lọ́rùn. Ọdẹ lè má rí ajá náà rárá, ṣaworo ló ń gbọ́. Ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ajá ń wá nǹkan. Ó yára sí i, ajá ti kan òórùn. Ó dákẹ́ lójijì, ọdẹ á gbé ìbọn sókè, torí ọ̀yà ò ní pẹ́ jáde. Ẹ wá fi ajá tó ní ìmú Labrador àti ẹsẹ̀ Greyhound sí ìdí iṣẹ́ yìí. Òun ló máa wá ọ̀yà rí, òun náà ló máa gba fìrí tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn ọ̀yà gẹ́lẹ́ ló sì máa wà nígbà tí ọdẹ bá yìnbọn. Kí ẹni tó fẹ́ fi Lurcher ṣọdẹ kọ́kọ́ pinnu bóyá ajá ló máa mú ẹran ni àbí ìbọn ló máa pa á. Èmi ò ní gbé ìbọn jáde lọ́jọ́ tí mo bá mú irú ajá bẹ́ẹ̀ dání.

Kí ló dé tí ọmọ ìyá kan náà ò fi jọra?

Ìbéèrè ẹni tó ra ọmọ ajá méjì nìyí, káàdì Whot ló sì máa jẹ́ kó tètè yé wa. Ká ní gbogbo káàdì ọwọ́ bàbá jẹ́ róbótó, gbogbo ti ọwọ́ ìyá jẹ́ àgbélébùú. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gba ìdajì lọ́dọ̀ bàbá, ó ń gba ìdajì lọ́dọ̀ ìyá. Kí wọ́n bí mẹ́wàá, gbogbo wọn á ní ìdajì róbótó, ìdajì àgbélébùú. Ìdí nìyẹn tí àkọ́sopọ̀, ìyẹn ọmọ tí Greyhound gidi àti Labrador gidi bí, fi máa ń sún mọ́ra ní gíga àti ní ìrísí bí wọ́n bá dàgbà.

Bí àkọ́sopọ̀ méjì bá wá gun ara wọn, ọ̀rọ̀ yí padà. Káàdì bàbá ti dàpọ̀, ti ìyá náà ti dàpọ̀. Wọ́n á pò ó, wọ́n á sì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìdajì láìwo ojú. Ọ̀kan á kó róbótó jù, ọ̀kan á kó àgbélébùú jù, àwọn tó kù á wà láàárín. Nínú oyún kan náà, ẹ lè rí èyí tó yára tí ìmú rẹ̀ ò já nǹkan kan, èyí tó nímú tí kò lè sáré, èyí tó ní ara Labrador lórí ẹsẹ̀ Greyhound tí ẹsẹ̀ náà ò sì lè gbé e, àti bóyá ọ̀kan tó dára délẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí kì í fi àkọ́sopọ̀ gun àkọ́sopọ̀ àyàfi tí wọ́n bá ṣe tán láti bí púpọ̀ kí wọ́n sì fi èyí tó pọ̀ nínú wọn ta àwọn tó kàn fẹ́ ajá sínú ilé lọ́rẹ.

Nítorí náà, bí ọmọ ajá méjì láti inú ìyá kan bá yàtọ̀ síra pátápátá, kì í ṣe pé dandan wọ́n rẹ́ yín jẹ nípa ìyá. Ṣùgbọ́n "bàbá Greyhound, ìyá Labrador" yẹn lè máà rí bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àwọn òbí náà ti jẹ́ àdàlù. Ó sì lè jẹ́ ohun tó wọ́pọ̀ ní àdúgbò tí ajá ń rìn kiri: abo ajá tó bá ń wá akọ lè gba akọ méjì tàbí mẹ́ta láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọmọ inú oyún kan náà á sì ní bàbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Olówó Greyhound á ti gbowó ìgùn, ajá aládùúgbò á ti ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Kí ni "ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin"?

Bí àkọ́sopọ̀ bá wúwo jù fún wọn, wọ́n á dá a padà sọ́dọ̀ Greyhound. Ọmọ tó bá tibẹ̀ jáde á ní Greyhound ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, Labrador ìdá kan. Eré á padà, ìmú àti ìgbọ́ràn á dín kù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ lè fi ọ̀nà yìí fa ohun kan ṣoṣo wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yà mìíràn. Lord Orford, tó dá ẹgbẹ́ Swaffham sílẹ̀ ní 1776 fún fífi Greyhound lé ehoro ní England, mú Bulldog, ajá kíki oníjà, wọ inú ìdílé Greyhound rẹ̀ nítorí ìgboyà, ó sì ń dá àwọn ọmọ padà sọ́dọ̀ Greyhound láti ìran dé ìran. Wọ́n ní nígbà tó máa di ìran kẹfà tàbí keje, ìrísí Bulldog ti pòórá, ìgboyà ló ṣẹ́kù. Ìran kẹfà o! Ẹni tó ń polówó lórí fóònù kò ní sùúrù ìran kejì.

Ṣé ó lè ṣiṣẹ́ lóko wa?

Oko wa kì í rí bákan náà tọdúntọdún. Lásìkò òjò, bẹẹrẹ lè ga ju ènìyàn lọ. Greyhound tó bá wọ ibẹ̀ ò rí ju ìmú ara rẹ̀ lọ, ọ̀yà á sì máa jẹ koríko rẹ̀ nítòsí. Ìmú nìkan ló wúlò. Lẹ́yìn tí iná bá ti jó igbó nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ á là. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí apá Ìkọ̀yí àti Orílé-Ìgbọ́n, ẹ lè dúró lórí òkìtì ọ̀gán kan kí ẹ máa wo ehoro tó ń sá lọ títí yóò fi rá mọ́ yín lójú. Ojú àti ẹsẹ̀ ló ni ìgbà yẹn. Tí a bá fi èyí wò ó, ẹni tó ní òun ń fẹ́ ajá tó nímú lásìkò òjò, tó sì lẹ́sẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kò sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Ooru ni ìṣòro. Ìgbà tí ilẹ̀ là yẹn náà ni oòrùn ń mú jù, pàápàá ní oṣù kejì àti oṣù kẹta. Ajá kì í fi gbogbo ara làágùn bíi tiwa, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀. Eré Greyhound ń mú ara gbóná kíákíá, irun Labrador sì nípọn, ìpele méjì ni, torí omi tútù ni wọ́n ṣe bí i. Ìdájí ni kí ẹ jẹ́ kó sáré, kí oòrùn tó gun òkè. Bí ahọ́n bá fẹ̀ tó pẹrẹsẹ tó sì pupa fòò, bí itọ́ bá ki, bí ajá bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ dá eré dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi sí i lára, ní ikùn àti abẹ́ itan, kí ẹ sì máa fẹ́ ẹ. Ajá tó bá dé ibẹ̀ lè kú kí ẹ tó rí ọkọ̀. Ẹ tún wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, nítorí kùkùté koríko tí iná jó kù máa ń mú ṣóńṣó.

Èrò tèmi ni pé a ń wá sí Sókótó ohun tó wà lápò ṣòkòtò. Ìmú tí wọ́n ń wá lára Labrador wà lára ajá ìbílẹ̀ tí ọdẹ ń lò, ẹsẹ̀ tó mọ ilẹ̀ wa wà níbẹ̀, awọ tó mọ ẹ̀gún wà níbẹ̀. Àwọn tó sọ ajá ní Lurcher pàápàá ò sọ pé Labrador ni dandan. Ajá oníṣẹ́ ni wọ́n sọ. Bí mo bá rí akọ Whippet tàbí Greyhound tó jí pépé, abo ajá ọdẹ tó ti lé ọ̀yà ní oko ni màá wá fún un. Labrador tó pọ̀ nílùú wa, ìrẹsì àti ẹ̀bà ló mọ̀. Bí ìbọn bá dún, abẹ́ ọkọ̀ ló ń wọ̀.

Àìsàn wo ló yẹ kí a ṣọ́?

Àwọn Labrador kan ní àrùn tó jẹ́ pé lẹ́yìn eré líle ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á yẹ̀ lábẹ́ wọn, wọ́n á ṣubú. Àrùn ìdílé ni, ajá ò sì ní ṣubú àyàfi tó bá gbà á lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Àkọ́sopọ̀ lè gba ẹyọ kan lọ́dọ̀ ìyá tó jẹ́ Labrador, kó máa sáré lọ ní tirẹ̀ láìsí wàhálà. Ìgbà tí àkọ́sopọ̀ méjì tó gbé e dání bá gun ara wọn ló máa jáde lára àwọn kan nínú ọmọ wọn. Oríkèé ìbàdí tí kò jókòó dáadáa náà wọ́pọ̀ lára Labrador, kì í sì í ṣe ohun tí ojú lè rí lára ọmọ ajá.

Láti ọ̀dọ̀ Greyhound, ẹ rántí oògùn akunnilóorun. Àwọn kan nínú rẹ̀, pàápàá thiopental, máa ń pẹ́ kó tó kúrò lára rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé ajá lọ fún iṣẹ́ abẹ, yálà lọ́dọ̀ dókítà ẹran nítòsí tàbí ní ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ kọ́kọ́ sọ pé ẹ̀jẹ̀ Greyhound wà lára rẹ̀.

Eégbọn àti eṣinṣin tsetse wà lára ohun tó ń pa ajá òyìnbó nílẹ̀ wa, àrùn tí wọ́n ń gbé wọ inú ẹ̀jẹ̀ sì máa ń mú ajá tí a kó wá láti òkèèrè burú ju ti ìbílẹ̀ lọ. Bí erìgì ajá bá funfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n tàbí dúdú, ẹ má fi àgbo dá a dúró. Ti abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ò ṣeé gbójú fò fún ajá kankan, áḿbọ̀sìbọ́sí èyí tó ń fi ẹnu mú ẹran igbó.

Kí ni kí a béèrè kí a tó sanwó?

Ẹ ní ẹ fẹ́ rí bàbá àti ìyá, kì í ṣe fọ́tò wọn. Ẹ fẹ́ rí wọn lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá ń gbé nǹkan wá bí a bá jù ú? Bàbá ń dáhùn ìfé nígbà tí ewúrẹ́ ń sá lọ? Ìwé ò lè dáhùn ìyẹn. Bí wọ́n bá ní àkọ́sopọ̀ ni, kí òbí méjèèjì dúró níwájú yín kí ẹ rí i pé ẹ̀yà méjì ni lóòótọ́. Ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ fi sílẹ̀ lábẹ́ ìyá rẹ̀. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ parvo, àrùn inú tó ń pa ọmọ ajá, àti oògùn aràn tó ti gbà, kí ẹ rí káàdì rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun tó fi ajá ránṣẹ́ nínú mọ́tò, tí kò sì jẹ́ kí ẹ wá wò ó, ẹ bá ọ̀nà yín lọ.

Ẹ má sì fi ọmọ oṣù mẹ́fà lé ẹran. Ẹsẹ̀ gígùn yẹn ṣì ń dàgbà, eegun rẹ̀ ò tíì dì. Ẹ jẹ́ kó kọjá ọdún kan dáadáa. Ìpè, ìjókòó àti ìgbé-e-wá lẹ máa fi gbogbo àkókò yẹn kọ́ ọ.

Níbo la ti lè jẹ́ kó sáré?

Fídíò ehoro yẹn ní ọ̀rọ̀ òfin nínú. Ní England àti Wales, òfin tí wọ́n ṣe ní 2004, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì 2005, ti fòpin sí fífi ajá lé ehoro pápá. Ehoro ihò àti eku ni wọ́n yọ sílẹ̀, tí onílẹ̀ bá gbà. Ní tiwa, ọdẹ ṣíṣe ò sí nínú Old Oyo National Park, ajá eléré ò sì mọ ààlà. Bó bá lé ẹran wọnú ibẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé fún àwọn ẹ̀ṣọ́.

Èyí tó máa dé bá yín kíákíá jù kò sí nínú igbó rárá. Ewúrẹ́ àti adìyẹ wa kì í gbé inú ọgbà. Ohunkóhun tó bá sá níwájú ajá afojúṣọdẹ, ẹran ni lójú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ Labrador sì lè má tó láti yí i lọ́kàn padà. Láti kékeré ni kó ti máa rí ewúrẹ́ lójoojúmọ́, pẹ̀lú okùn lọ́rùn, kó máa jókòó nígbà tí wọ́n bá ń kọjá. Bó bá dàgbà, okùn ò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́rùn rẹ̀ títí ẹ ó fi jáde nílùú, nítorí ìyá aládìyẹ ò ní béèrè bóyá Greyhound ni bàbá ẹ̀ kó tó dárúkọ iye tó ń gbà.